Kílórìnì pé lẹ́nu ẹ̀rọ, kò sí nínú kẹ́ẹ̀gì: ìbéèrè lórí omi ibùdó ogúnléndé

Òjò_Àkọ́rọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́ ìrànwọ́ nílẹ̀ òkèèrè. Wọ́n ti yàn mí láti lọ máa bójú tó omi àti ṣalánga ní ibùdó ogúnléndé kan tí àwọn tó ń gbé ibẹ̀ tó 12,000. Iṣẹ́ omi ni mo kọ́, àmọ́ omi ìgboro tó ń gba inú páìpù wọlé ni mo mọ̀, n kò tíì ṣe ti ibùdó rí.

Nínú ìwé tí ẹni tí mo fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fi ránṣẹ́, odò ni wọ́n ti ń fa omi. Lásìkò òjò, omi náà máa ń rú dé 80 NTU (òǹkà tí a fi ń wọn bí omi ṣe rú tó). Táńkì T70 (táńkì 70,000 lítà) mẹ́rin ló wà nílẹ̀, lúbúlúbú kílórìnì tí wọ́n ń pè ní HTH 65% ni wọ́n sì ń lò. Wọ́n ní bí àwọn bá wọn kílórìnì lẹ́nu ẹ̀rọ, 0.5 mg/L (mílígíráàmù nínú lítà kan) ni, ó bá ìlànà mu. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá wọ inú àgọ́ lọ́jọ́ kejì tí wọ́n wọn ti inú kẹ́ẹ̀gì, òfo ni. Ìgbẹ́ gbuuru ò sì dín kù.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ló ń jẹ kílórìnì yìí? Báwo ni mo ṣe máa ṣírò iye tí màá dà sí táńkì láìméfò? Báwo sì ni ọjọ́ iṣẹ́ kan ṣe ń lọ níbẹ̀, kí ló yẹ kí n ti mọ̀ kí n tó gbéra?

Àgbà_Olómi

Àbúrò, o kú ìmúra. Ibi tó yẹ kó o ti bẹ̀rẹ̀ gan-an lo ti bẹ̀rẹ̀.

0.2 sí 0.5 mg/L tó wà nínú ìlànà Sphere, ìyẹn ìlànà àgbáyé fún iṣẹ́ ìrànwọ́, ibi tí omi ti ń jáde ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n. Ní ibùdó, èèyàn kì í mu omi lẹ́nu ẹ̀rọ. Wọ́n á rù ú lọ, wọ́n á gbé e kalẹ̀ sínú àgọ́ tí oòrùn ń pa, wọ́n á máa bù ú mu títí di ọjọ́ kejì. Láàárín àkókò yẹn, ooru ń jẹ kílórìnì, ìdọ̀tí tó lẹ̀ mọ́ inú kẹ́ẹ̀gì ń jẹ ẹ́, ọwọ́ àti ife tí wọ́n ń tì bọ inú omi náà ń jẹ ẹ́. Nítorí náà, inú àgọ́ ni kó o ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò rẹ, kó o wá máa padà bọ̀ sí táńkì.

Mú kẹ́ẹ̀gì bíi 10 tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pọn káàkiri ibùdó. Wọn kílórìnì rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ, fi àmì sí kẹ́ẹ̀gì náà, kó o padà lọ wọn kẹ́ẹ̀gì yẹn kan náà lẹ́yìn wákàtí 6, 12 àti 24. Kì í ṣe kẹ́ẹ̀gì mìíràn o, torí bí o bá ń wọn oríṣiríṣi, o ò ní mọ̀ bóyá kílórìnì ló ti tán tàbí omi odò ni wọ́n pọn. Iye tó bá lè jẹ́ kí 0.2 ṣẹ́kù títí ìdílé á fi mu omi náà tán ni kó o máa lé lẹ́nu ẹ̀rọ. Níbi tí ooru ti mú, ó lè gbà tó 0.8 tàbí 1 mg/L. Ìlànà àjọ WHO gbà á dé 5 mg/L nínú omi mímu, nítorí náà 1 kò ní ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Òórùn rẹ̀ ni kó o máa ṣọ́. Bí ó bá le jù fún wọn, wọn á padà sódò, gbogbo làálàá rẹ á sì wọmi. Máa fi 0.1 gòkè díẹ̀díẹ̀, kó o sì máa bi àwọn tó ń mu ún léèrè bó ṣe rí lẹ́nu wọn.

Àmọ́ kó o tó fọwọ́ kan kílórìnì rárá, omi náà gbọ́dọ̀ tòrò. Bí omi bá rú dé 80 NTU, ẹrẹ̀ inú rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ jẹ kílórìnì, àwọn kòkòrò á sì fara pamọ́ sínú ẹrẹ̀ náà. Jẹ́ kó wá sí ìsàlẹ̀ 5 NTU. Álọ́ọ̀mù, èròjà tó ń mú kí ẹrẹ̀ dì pọ̀, ló ń ṣe é, báyìí ni wàá sì ṣe mọ ìwọ̀n rẹ̀: yọ́ álọ́ọ̀mù 10 g sínú omi lítà kan. Mílílítà kan nínú rẹ̀, bí o bá dà á sínú omi odò lítà kan, jẹ́ 10 mg/L. Gbé ike funfun márùn-ún tí a lè rí inú rẹ̀ kalẹ̀, bu omi odò lítà kọ̀ọ̀kan sí i, kó o fa 2, 4, 6, 8 àti 10 mL sínú wọn. Rò ó kíákíá fún ìṣẹ́jú kan, kó o wá rọra máa rò ó fún bíi ìṣẹ́jú 10. Wàá rí i tí ẹrẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dì pọ̀ bíi èérún òwú, tí á máa bọ́ sísàlẹ̀. Fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30. Èyí tó kéré jù lọ lára àwọn tó bá tòrò ni kó o mú. Dídà á pọ̀ jù kò mú omi mọ́ sí i, ó ń fa pH (òǹkà tó ń wálẹ̀ bí omi bá ń di ásíìdì) wálẹ̀ ni, nítorí náà wọn pH rẹ̀ pẹ̀lú.

Ká ní 6 mL ló tòrò, ìyẹn 60 mg/L. Fún táńkì 70,000 lítà, álọ́ọ̀mù kílò 4.2 ni. Yọ́ ọ sínú omi bíi lítà 85 nínú dúrọ́ọ̀mù, kó o jẹ́ kó máa kán díẹ̀díẹ̀ sínú páìpù tí póńpù fi ń fa omi látodò, láti ìgbà tí wọ́n bá tan póńpù títí táńkì á fi kún. Póńpù náà ni yóò bá ọ pò ó. Ibí yìí ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù: àwọn kan á dúró kí táńkì kún tán kí wọ́n tó da gbogbo rẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan. Kò ní pò. Apá kan á tòrò, apá kan á ṣì rú, wọn á wá sọ pé álọ́ọ̀mù náà ni kò dáa.

Ya táńkì méjì sọ́tọ̀ fún álọ́ọ̀mù, méjì fún kílórìnì, má sì da méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ kò ní jẹ́ kó o lo gbogbo 70,000 lítà, fojú bù ú sí 60,000. Èèyàn 12,000 ní lítà 15 lójúmọ́ jẹ́ 180,000, ìyẹn táńkì mẹ́ta tó tòrò lójoojúmọ́. Bí kíkún bá gba wákàtí 2, tí títòrò gba 4, tí fífà á sínú táńkì kejì gba 2, wákàtí 8 ti lọ lórí ẹyọ kan. Ọ̀kan nínú táńkì álọ́ọ̀mù méjèèjì gbọ́dọ̀ yí po lẹ́ẹ̀mejì. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń tan póńpù fi gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ó wá kan kílórìnì. HTH 65%, 15 g sínú omi lítà kan, á fún ọ ní omi kílórìnì 1%. Lúbúlúbú ni wàá dà sínú omi o, má da omi lé lúbúlúbú lórí. Rò ó, fi í sílẹ̀ kí ẹfun rẹ̀ rọ̀ sísàlẹ̀, kó o lo èyí tó mọ́ lókè. Kílórìnì ò sí nínú ẹfun yẹn mọ́, bó bá sì wọ inú páìpù tàbí ẹ̀rọ tó ń kán kílórìnì, á dí i.

Mú korobá 20 lítà mẹ́rin, bu omi tó ti tòrò sí i, kó o fi síríǹjì fa 2, 3, 4 àti 5 mL omi kílórìnì 1% sínú wọn. Rò wọ́n, dé wọn, dúró fún ìṣẹ́jú 30, kó o wá wọ̀n ọ́n. Bí pH bá ju 8 lọ, kílórìnì ò ní tètè ṣiṣẹ́, fún un ní àkókò sí i. Ká ní àfojúsùn rẹ jẹ́ 0.9, tó sì jẹ́ pé korobá 4 mL ló fún ọ ní 0.9. Korobá 3,000 ló wà nínú 60,000 lítà, 4 mL lọ́nà 3,000 jẹ́ lítà 12. Lítà 12 omi kílórìnì 1% nìyẹn fún táńkì kan. Yẹ̀ ẹ́ wò lódìkejì: lítà 12 ní kílórìnì 120 g nínú, 120 g nínú 60,000 lítà jẹ́ 2 mg/L, bí 4 mL nínú 20 lítà ṣe jẹ́ náà nìyẹn. Omi náà jẹ 1.1, ó ṣẹ́ ku 0.9. Ní gbogbo ìgbà tí òjò bá rọ̀, tún ìdánwò korobá yìí ṣe. Ìwọ̀n àná kì í ṣe ìwọ̀n òní.

Ọ̀rọ̀ lórí hóró DPD1, èyí tó ń mú kí omi pọ́n kí a lè fi wọn kílórìnì: má fi ọwọ́ kàn án, já a látinú bébà rẹ̀ tààrà sínú omi. Bọ́ awò oòrùn kó o tó fi àwọ̀ wé àwọ̀. Bí o bá sì rí i tí omi náà pọ́n fìrí tó tún funfun padà, má kọ òfo sílẹ̀. Kílórìnì ló pọ̀ débi pé ó bó àwọ̀ náà. Bu ìdá kan nínú rẹ̀, fi ìdá mẹ́sàn-án omi tí kò ní kílórìnì là á, wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i, kó o sọ èsì náà di ìlọ́po 10.

Ìyá_Ìdí_Ẹ̀rọ

Àgbà ti sọ ti táńkì. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìdí ẹ̀rọ àti kẹ́ẹ̀gì, torí ibẹ̀ gan-an ni òfo tí ẹ ń rí ti ń wá.

Ẹ wo inú kẹ́ẹ̀gì àwọn èèyàn. Bí ẹ bá fi ìka nu inú ọrùn rẹ̀ tó ń yọ̀ bọ̀rọ́, kílórìnì tí ẹ bá dà sínú táńkì, ọ̀rá yẹn ló ń jẹ ẹ́. Ẹ ṣètò fífọ kẹ́ẹ̀gì nídìí ẹ̀rọ: òkúta wẹ́wẹ́ ẹ̀kúnwọ́ kan, omi kílórìnì díẹ̀, kí wọ́n dé e, kí wọ́n mì ín títí yíyọ̀ náà á fi kúrò, kí wọ́n ṣàn án dáadáa. Kí ìdílé kọ̀ọ̀kan ní méjì ó kéré tán, ọ̀kan fún pípọn, ọ̀kan fún fífi omi pamọ́, kí ẹnu èyí tí wọ́n fi ń pamọ́ kéré kí ife má bàa wọ inú rẹ̀.

Èèyàn 12,000, ẹnu ẹ̀rọ kan fún 250, ẹ nílò ẹnu ẹ̀rọ 48. Àmọ́ òǹkà yẹn dúró lórí pé kí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan máa mú lítà 7.5 jáde ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ fi aago wò ó: kẹ́ẹ̀gì 20 lítà gbọ́dọ̀ kún kó tó pé ìṣẹ́jú 3. Àwọn ẹ̀rọ tó wà lópin páìpù ni omi wọn kì í lágbára, ibẹ̀ ni ìlà ti ń gùn, ibẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ́ sílẹ̀, ibẹ̀ náà ni àwọn ọmọbìnrin ti ń lọ pọnmi lóru kí wọ́n má bàa tò. Ẹ má wo ìpíndọ́gba gbogbo ibùdó, ẹ lọ wo ẹ̀rọ tó burú jù. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tò ju ìṣẹ́jú 30 lọ, kò sì yẹ kí ẹ̀rọ jìnnà sí àgọ́ ju mítà 500.

Ṣalánga: ẹ lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀kan fún èèyàn 50, àmọ́ ẹ tètè mú un dé ọ̀kan fún 20, ìyẹn 600 fún ibùdó tiyín. Kí ti obìnrin jẹ́ mẹ́ta sí ọ̀kan ti ọkùnrin. Kí ìsàlẹ̀ kòtò fi mítà 1.5 ga ju omi abẹ́ ilẹ̀ lọ, kó sì jìnnà sí kànga ní mítà 30 ó kéré tán. Kọ́kọ́rọ́ inú ilẹ̀kùn àti iná kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́. Bí kò bá sí wọn, àwọn obìnrin ò ní lò ó lálẹ́, ẹ̀yìn àgọ́ ni wọn á máa yà sí. Kẹ́ ẹ tó gbẹ́ kòtò kan, ẹ jẹ́ kí obìnrin bíi tiwọn bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ń fẹ́ ẹ, láìsí ọkùnrin níbẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú lọ́kùnkúndùn: ẹni tó bá di kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ mú ní agbára lórí àwọn tí òùngbẹ ń gbẹ. Ó lè máa gba owó, ó lè máa béèrè ara obìnrin kó tó ṣí omi. Láti 2002 ni àwọn àjọ ìrànwọ́ ti ní ìlànà tó jọ so wọ́n pọ̀: bíbá ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 lò pọ̀ jẹ́ èèwọ̀, fífi owó, iṣẹ́ tàbí ìrànwọ́ ṣe pàṣípààrọ̀ ìbálòpọ̀ jẹ́ èèwọ̀, ẹni tó bá sì fura gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ó kan àwọn tí ẹ gbà síṣẹ́ níbẹ̀ náà. Bí ẹ bá gbọ́ fìrìfìrì, ẹ fi tó ẹni tí àjọ yàn fún un létí lọ́jọ́ náà. Ẹ má ṣe wádìí rẹ̀ fúnra yín, ẹ má pe ọmọ náà wá síwájú èrò. Ẹ má sì gbára lé àpótí ẹ̀sùn nìkan, torí ọ̀pọ̀ wọn ò mọ̀wé kọ.

Òjò_Àkọ́rọ̀

Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀yin méjèèjì. Ó kù kan: mo rí i nínú ìwé náà pé inú yàrá kan náà ni HTH àti dísù jẹnẹrétọ̀ wà, pẹ̀lú páálí hóró kílórìnì NaDCC díẹ̀. Ṣé kò léwu? Bí kọ́lẹ́rà bá sì bẹ́ sílẹ̀ ńkọ́?

Àgbà_Olómi

Ó léwu gidi! Má dúró dìgbà tó o bá débẹ̀, kọ̀wé sí ẹni tó wà níbẹ̀ lónìí. Bí HTH bá kan dísù, òróró tàbí gírísì, ó lè gbiná fúnra rẹ̀. NaDCC àti HTH náà ò gbọ́dọ̀ pàdé. Kílórìnì ni méjèèjì lóòótọ́, àmọ́ bí wọ́n bá dàpọ̀ tí ọ̀rinrin kàn wọ́n, wọ́n lè bú gbàù. Má fi abọ́ kan náà bu méjèèjì. Yàrá gbígbẹ tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀ ni kó wà, lórí pákó, kó má kan ilẹ̀, kó jìnnà sí oúnjẹ àti sí ásíìdì. Ẹni tó ń pò ó gbọ́dọ̀ wọ ìbọ̀wọ́, awò ààbò àti ìbòmú, kí omi mímọ́ sì wà nítòsí. Bó bá ta sójú, kí wọ́n da omi sí i fún ìṣẹ́jú 15, kí wọ́n tó gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Tètè béèrè fún tuntun pẹ̀lú. Ẹrù eléwu ni wọ́n kà á sí nínú ọkọ̀ òfuurufú, kì í yá dé.

Ti kọ́lẹ́rà: omi kílórìnì 0.05% fún ọwọ́, HTH 15 g nínú 20 lítà. 0.2% fún ilẹ̀ àti bẹ́ẹ̀dì, 3 g nínú lítà kan. 2% fún èébì, ìgbẹ́ àti òkú, 30 g nínú lítà kan. Fi àwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kun ike mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, torí ẹni tó bá fi 2% fọ ọwọ́ á bó. Lẹ́nu ẹ̀rọ omi, má jẹ́ kó wálẹ̀ ju 0.5 mg/L lọ nígbà kankan.

Ọ̀nà_Jíjìn

Lórí bí ọjọ́ ṣe ń lọ. Ní ọ̀pọ̀ ibùdó, kì í ṣe ìwọ lo ń pinnu ìgbà tí wàá jáde. Ẹni tó ń mójú tó ààbò ni. Wàá kọ ibi tó o fẹ́ lọ, àwọn tí ẹ jọ ń lọ, nọ́ńbà ọkọ̀ àti wákàtí tẹ́ ẹ máa padà dé sílẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú. Àárọ̀ kùtù ni wọ́n ń pe orúkọ lórí rédíò, ẹni tí kò bá dáhùn, wọn á wá a. Bí o bá fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí rédíò, tẹ bọ́tìnnì, dúró ìṣẹ́jú àáyá kan, kó o tó lanu, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ á gé. Má dárúkọ owó, má sọ ojú ọ̀nà tẹ́ ẹ fẹ́ gbà, torí ẹnikẹ́ni lè máa gbọ́ yín.

Bí awakọ̀ bá ní òun ò ní kọjá ọ̀nà kan lónìí, ẹ yí padà. Ará ibẹ̀ ni, ó lè ti rí i pé ọjà dá páropáro tàbí pé kò sí ọmọdé lójú títì. Ẹni tó gbé ìbọn ò gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ àjọ. Ní ibi àyẹ̀wò, ẹ sọ̀ gíláàsì ọkọ̀ kalẹ̀, ẹ bọ́ awò oòrùn, kí ọwọ́ gbogbo yín wà níbi tí wọ́n ti lè rí i, kí fóònù wà nínú àpò. Ẹ má ya fọ́tò. Kí kónílé-ó-gbélé tó tó, ẹ ti gbọ́dọ̀ wọlé, nítorí náà iṣẹ́ inú ibùdó kì í kọjá ọ̀sán púpọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni wàá kọ ìròyìn, tí wàá to èsì kílórìnì sínú kọ̀ǹpútà, tí wàá sì tọrọ àyè fún ọ̀la.

Di àpò kékeré kan sẹ́bàá ibùsùn: ìwé ìrìnnà àti ẹ̀dà rẹ̀, owó wẹ́wẹ́, oògùn rẹ, tọ́ọ̀ṣì, páwà báńkì, omi, bàtà tó ṣeé sá nínú rẹ̀. Ilé kan náà lo máa bá àwọn tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ gbé, oúnjẹ kan náà, ariwo jẹnẹrétọ̀ kan náà, nítorí náà gba ìsinmi tí wọ́n ń fún yín lọ́sẹ̀ mélòó kan síra. Má sún un síwájú nítorí pé iṣẹ́ pọ̀. Iṣẹ́ ò ní tán, àárẹ̀ ló sì ń jẹ́ kí èèyàn gbójú fo ìwọ̀n tó yẹ kó wọ̀n. Kọ́ ẹnì kan lára àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe gbogbo ìdánwò tí Àgbà kà sílẹ̀, kí omi má bàa dúró nígbà tó o bá lọ sinmi.

Abẹ́rẹ́_Ò_Wọ́n

Mo fi ti ìlera kún un. Káàdì yẹ́lò fífà: kí ẹ gba abẹ́rẹ́ náà ó kéré tán ọjọ́ 10 kẹ́ ẹ tó wọ ìlú tó ń béèrè rẹ̀. Láti 2016, ẹ̀ẹ̀kan ni, ó wà títí ayé. Ibà: ẹ jẹ́ kí dókítà yan oògùn tó bá yín mu kẹ́ ẹ tó gbéra. Bó bá jẹ́ doxycycline ni, 100 mg lójoojúmọ́, ẹ lò ó pẹ̀lú oúnjẹ àti omi púpọ̀, ẹ má sì dùbúlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ torí ó máa ń jó ọ̀nà ọ̀fun. Ó ń mú kí oòrùn tètè jó awọ ara, fìlà etí gbòòrò pọn dandan fún ẹni tó ń dúró nídìí táńkì. Ọ̀pọ̀ ń dá a dúró lọ́jọ́ tí wọ́n bá délé. Ọ̀sẹ̀ 4 lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá kúrò níbẹ̀ ló yẹ kẹ́ ẹ tó dá a dúró. Bí ara yín bá sì gbóná láàárín oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ibà lọ́jọ́ náà gan-an, kẹ́ ẹ sì sọ orúkọ ìlú tẹ́ ẹ ti dé fún dókítà kó tó bi yín.